Owó Ìlù, Owó Iṣẹ́ Ni: Ọ̀rọ̀ Akọ̀wé Ẹgbẹ́ ní Ọjọ́ Àjọ̀dún Wa

Mo mọ̀ pé oúnjẹ ti délẹ̀, n kò ní jẹ́ kí ọbẹ̀ tutù.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a máa dìbò lé lórí ní ìpàdé gbogbogbòò tó ń bọ̀. Àwọn onílù àti àwọn akọrin tó ń ṣiṣẹ́ ní ìgboro àti nínú ọjà wa kọ̀wé sí wa pé àwọn fẹ́ máa dáwó nínú ẹgbẹ́ yìí. Ìgbìmọ̀ ní kí n la ọ̀rọ̀ náà yé yín lónìí, kí olúkúlùkù lè rò ó dáadáa kí ọjọ́ ìbò tó pé. Àwọn kan nínú wa ti ń sọ pé owó onílù, owó atẹ́gùn ni, bó ṣe dé ló ṣe ń lọ. Èmi ní tèmi gbà pé owó iṣẹ́ ni. Àìní ibi tí yóò sinmi sí ló jẹ́ kó máa lọ.

Nítorí pé ojú títì ni wọ́n ti ń lù ú, àwọn ènìyàn a máa pè wọ́n ní alágbe. Ẹ gbọ́ o, alágbe ń tọrọ ni, onílù ń tà ni. Ohun tó ń tà ni oríkì rẹ àti orúkọ bàbá rẹ tí ìwọ fúnra rẹ ti gbàgbé. Láti kékeré ni ọmọ Àyàn ti ń kọ́ ìlù, tí yóò máa kọ́ oríkì àwọn ìdílé Ẹ̀gbá, ti Aké, ti Òkè-Ọnà, ti Gbágùrá àti ti Òwu, kí ó tó lè dá dúró níwájú olóde. Ìlù náà kì í ṣe ọ̀fẹ́. Owó igi wà níbẹ̀, owó awọ wà níbẹ̀, owó ọ̀ṣán wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá ti òde dé, wọ́n á yọ owó ọkọ̀ àti owó àtúnṣe ìlù, kí wọ́n tó pín ìyókù láàárín ẹni tó lu ìyáàlù àti àwọn tó lu omele. Àbí èyí kò jọ ìṣirò tiwa? Bí àwa náà ṣe ń yọ owó ọkọ̀ àti owó aláàárù kí a tó mọ èrè orí gààrí nìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ ka ilé ìwé girama lè rántí ìwé Cyprian Ekwensi kan tó ń jẹ́ The Drummer Boy, tó jáde ní ọdún 1960. Ìtàn ọmọ afọ́jú kan tó ń lu sámbà káàkiri ìgboro ni. Ẹni gidi ló wà lẹ́yìn ìtàn yẹn. Benjamin Adérounmú ni, ọmọ Ọ̀wọ̀ tí gbogbo Èkó mọ̀ sí Kòkòrò. Ọdún 1925 ni wọ́n bí i, ojú rẹ̀ sì fọ́ nígbà èwe. Sámbà ló gbé, ó ń kọrin ní ojú pópó àti ní òde àríyá ní Èkó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọdún 2009 ló kú. Afọ́jú ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ló fi jẹun.

Nílé wa níbí ńkọ́? Àyìnlá Ọmọwúrà, ọmọ Ìtòkò, iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ ṣe kí àpàlà tó gbé e dé ibi tí àwo rẹ̀ fi wọ ilé gbogbo. Ta ni nínú wa tí kò jó sí i rí? Ní ọjọ́ kẹfà oṣù karùn-ún ọdún 1980, ìjà ṣẹlẹ̀ ní ilé ọtí ní Abẹ́òkúta yìí, wọ́n fi ife ọtí lù ú, ó sì ti ibẹ̀ kú. Títí dòní la ṣì ń gbọ́ ohùn rẹ̀, Túndé Kèlání sì fi ìtàn rẹ̀ ṣe fíìmù ní ọdún 2021. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀. Ọjọ́ tí ohùn bá dákẹ́ ni owó òde ń dákẹ́. Ìsọ̀ tiwa, ọmọ lè jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ta ni yóò jókòó sínú ọ̀fun akọrin? Ìdí nìyí tí akọrin fi nílò ìwé owó ẹgbẹ́ bíi tiwa, èyí tí a kọ orúkọ ẹni tí yóò gba owó náà sí bí ọlọ́jọ́ bá dé.

Ìyẹn nìkan kọ́. Owó òde gan-an kò rí bó ṣe rí tẹ́lẹ̀ mọ́. Òfin báǹkì àgbà ilẹ̀ wa ti ọdún 2007 sọ pé ẹni tó bá fọ́n náírà lóde àríyá, tàbí tó jó lé e lórí, lè ṣẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù mẹ́fà, tàbí kó san owó ìtanràn tí kò dín ní 50,000 náírà, tàbí méjèèjì pọ̀. Ó pẹ́ tí a ti rò pé òfin orí ìwé lásán ni. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Èkó rán Bobrisky lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà nítorí rẹ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn olóde ti ń wẹ̀yìn kí wọ́n tó tọwọ́ bọ àpò. Kí ìyẹn tó dé, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 tí wọ́n pààrọ̀ owó, gbogbo wa la wá náírà tì. Àwa ọlọ́jà rí tiransifáà gbà díẹ̀díẹ̀. Onílù tí kò ní àkántì, "ẹ ṣé, ẹ kú iṣẹ́" ló gbé lọ sílé fún ìyàwó. Mo ti rí onílù tó kọ nọ́ńbà àkántì rẹ̀ mọ́ ara ìlù báyìí. Ọgbọ́n ni, ṣùgbọ́n owó tó wọ àkántì lówùúrọ̀ tó jáde nírọ̀lẹ́ kò tíì di ìfipamọ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Bí onílù bá ń fi 500 náírà pamọ́ lójúmọ́, ní ọjọ́ mẹ́fà ó di 3,000. Ní ọ̀sẹ̀ 50, ó di 150,000. Èyí lè tún ìlù ṣe, ó lè ran owó ìdánwò ọmọ lọ́wọ́, ó sì lè gbé e la ìgbà ààwẹ̀ kọjá, ti Mùsùlùmí àti ti Lẹ́ńtì, nígbà tí òde kì í pọ̀. Onílù tó bá jẹ owó oṣù kejìlá tán pátápátá, oṣù kìíní ni yóò jẹ òun náà. Alájẹṣẹ́kù ni orúkọ ẹgbẹ́ wa, ẹni tó jẹ tó ṣẹ́ kù. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn, òun ni yóò ru igbá rẹ̀ dé ilé.

Àwọn tó kọ̀ bi wá pé, "Wọn kò ní ìsọ̀. Bí wọ́n bá jẹ gbèsè, níbo la ó ti mú wọn?" Ìbéèrè tó dára ni, owó wa ni. Ohun tí ìgbìmọ̀ gbé kalẹ̀ nìyí. Ìkínní, oṣù mẹ́fà ni wọn yóò fi dáwó kí wọ́n tó lè yá kọ́bọ̀. Ìkejì, ohun tí wọ́n bá yá kò ní kọjá ìlọ́po méjì owó tí wọ́n ní, bíi tiwa. Ìkẹta, onídùúró méjì, ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ ọlọ́jà tó ní ìsọ̀. Ìkẹrin, a óò máa gba owó lọ́wọ́ wọn nírọ̀lẹ́ kí wọ́n tó kúrò lọ́jà, kí owó má bàa bá wọn dé ìdí ọtí. Àti pé, ẹ̀yin ìyá mi, kì í ṣe ẹni tí kò ní ìsọ̀ nìkan ló ń jẹ gbèsè. Ìwé àwọn tó jẹ ẹgbẹ́ wà lọ́wọ́ mi, àwọn tó ní ìsọ̀ pọ̀ níbẹ̀. Ọjọ́ ọdún lòní, n kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Ọmọ Lísàbí ni wá. Ẹgbẹ́ àáró ni Lísàbí fi kó àwọn bàbá ńlá wa jọ títí wọ́n fi bọ́ lọ́wọ́ Ọ̀yọ́. Òfin àáró kò le: lónìí, oko tèmi, lọ́la, oko tìrẹ. Àwọn onílù yìí ti bá wa ṣe oko tiwa. Wọ́n lùlù lọ́jọ́ tí a sọmọ lórúkọ, wọ́n lùlù lọ́jọ́ tí a sin ìyá wa. Oko tiwọn ló kàn báyìí. Ẹ lọ rò ó, kí ẹ sì wá dìbò.

Àwọn onílù wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ti ń dúró dè wá. Bí ẹ bá fẹ́ fún wọn lówó, ẹ fi sínú àpòòwé o, ẹ má fọ́n ọn.