IṢẸ́ WO NI Ẹ Ń ṢE?



Bí ọ̀gá bá ti kọ́ ọmọ níṣẹ́ ni ọmọ í ṣe é. Bẹ́ẹ̀ náà ni dókítà. Láti ọdún 1986 ni ilé ìwòsàn Yunifásítì wà ní Ṣágámù, tí àwọn ọ̀dọ́ ń kọ́ṣẹ́ dókítà níbẹ̀. Bí ọ̀gá wọn bá ń jágbe mọ́ aláìsàn, àwọn náà yóò jágbe. Bí ó bá fara balẹ̀ béèrè ọ̀rọ̀, wọn yóò béèrè.

Ní ọdún 1700, Bernardino Ramazzini, dókítà ará Ítálì, kọ ọ́ sínú ìwé pé kí dókítà máa bi aláìsàn léèrè iṣẹ́ tó ń ṣe. Ikọ́ lè ti inú eruku sìmẹ́ńtì wá. Ẹ̀yìn dídùn awakọ̀ lè ti orí ìjókòó wá. Bí dókítà kò bá béèrè, oògùn ikọ́ ni yóò kọ, a ó sì tún padà sínú eruku.

Ẹ̀yin olùkọ́ dókítà, ẹ fi ìbéèrè yìí kọ́ wọn. Àwa náà, ká máa sọ iṣẹ́ wa fún dókítà, àti iye ọdún tí a ti ń ṣe é. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.