Orúnkún Tí Ó Ká Ṣì Lè Nà
Ọ̀rọ̀ tí Òṣìṣẹ́ Ìròyìn bá àwọn òbí Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgándò sọ

N kò wá sọ̀rọ̀ owó orí, bẹ́ẹ̀ ni n kò wá sọ̀rọ̀ títì. Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ wa ni mo bá wá. Ní àdúgbò wa yìí, a kò ṣàì rí ọmọ tí ń tiro lọ sí ilé ẹ̀kọ́, tàbí èyí tí a ń fi pamọ́ sí ẹ̀yìnkùlé nígbà tí àlejò bá dé, nítorí pé orúnkún rẹ̀ ká, kò sì ṣe é nà mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti inú ilé tèmi. Òróró àkàrà gbígbóná ni ó dà sí ẹ̀yìn orúnkún ọmọ àbúrò mi obìnrin. Nígbà tí egbò náà ń jinná, ọmọ a máa ká ẹsẹ̀ kò, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni ìrora fi ń dínkù. Àwa náà sì ń fi ìrọ̀rí sí abẹ́ orúnkún rẹ̀. A rò pé àánú ni a ń ṣe. Nígbà tí egbò jinná tán, àpá ti fa ẹsẹ̀ pọ̀, gìgísẹ̀ kò kan ilẹ̀ mọ́. Àwọn kan sọ pé ayé ni ó ṣe é. Kì í ṣe ayé. Ìrọ̀rí wa ni.

Iná nìkan kọ́ ni ó ń fa irú èyí. Eegun tí ó dá tí a dì pa fún ìgbà pípẹ́ láìjẹ́ kí oríkèé mira lè fà á. Àrùn tí ń wọ inú oríkèé lè fà á. Àrùn rọpárọsẹ̀ pẹ̀lú ti ṣe é fún ọ̀pọ̀lọpọ̀. Òtítọ́ ni pé ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ ọdún 2020 ni a kéde pé ilẹ̀ Áfíríkà ti bọ́ lọ́wọ́ ògidì kòkòrò àrùn náà, ṣùgbọ́n àwọn tí ó ti mú ṣáájú ìgbà náà ṣì wà láàárín wa.

Bí ó bá tètè dé ọ̀dọ̀ dókítà, nínà ẹsẹ̀ lójoojúmọ́ tàbí dídi í mọ́ inú píọ́pì lè tó. Nígbà mìíràn a ó gé àpá, a ó sì lẹ awọ tuntun mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti le jù, irinṣẹ́ kan wà tí à ń so mọ́ ẹsẹ̀ láti òde. Dókítà Gavriil Ilizarov, tí ó ṣiṣẹ́ ní agbègbè Kurgan ní Siberia, ni ó gbé irú rẹ̀ tí ó lókìkí jù lọ jáde ní àwọn ọdún 1950. Òun ni ó tọ́jú ẹsẹ̀ Valery Brumel, ẹni tí ó gba wúrà ìfòsókè ní Tokyo ní ọdún 1964, tí alùpùpù sì ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ ní ọdún 1965.

Báyìí ni irinṣẹ́ náà ṣe ń ṣiṣẹ́. A ó fi òrùka irin yí itan ká, a ó fi òmíràn yí ojúgun ká. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fà le bí sípóòkù kẹ̀kẹ́ ni ó gba inú eegun kọjá láti di àwọn òrùka náà mú. Ní ẹ̀gbẹ́ orúnkún ni a ó fi oríkèé irin sí, bí èyí tí ó gbé ilẹ̀kùn dúró. Lẹ́yìn náà, a ó máa fi sípánà yí nọ́ọ̀tì rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, ẹsẹ̀ yóò sì máa nà díẹ̀díẹ̀. A kì í kánjú, nítorí pé bí a bá fi agbára na orúnkún lẹ́ẹ̀kan náà, iṣan ẹ̀jẹ̀ àti iṣan ìmọ̀lára lè bàjẹ́.

N kò ní tàn yín: iṣẹ́ náà nira. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, àbúrò mi wá bá mi ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ yìí kò sùn láti àná. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tú irin yìí kúrò.” Ó kù díẹ̀ kí n gbà fún un. A gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn, àwọn nọ́ọ̀sì sì rí i pé ibi tí wáyà kan ti wọ ara ti ń ṣọyún. Wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n fún un ní oògùn, wọ́n dá yíyí nọ́ọ̀tì dúró fún ọjọ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà a tún bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ fi nǹkan mẹ́ta yìí sọ́kàn. Èkíní, ẹ máa fọ ojú wáyà lójoojúmọ́ bí a ti kọ́ yín. Èkejì, bí ìka ẹsẹ̀ bá kú tipiri, tàbí tí ọmọ kò lè gbé àtẹ́lẹsẹ̀ sókè mọ́, ẹ padà sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an. Ẹ̀kẹta, bí ẹsẹ̀ bá nà tán, iṣẹ́ kò tíì parí. Irin yóò ṣì wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, a ó sì máa na ẹsẹ̀ lẹ́yìn tí a bá tú u. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, orúnkún yóò tún ká padà.

N kò bú àwọn tí ń to eegun ní ìlú wa, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ipá na orúnkún tí ó ti gan. General Hospital wà nítòsí wa ní Ìgándò. Ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Bí ọ̀rọ̀ náà bá ju ibẹ̀ lọ, ilé ìwòsàn eegun wà ní Ìgbóbì. Àwọn ọmọ ogun tí ó fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì ni a kọ́kọ́ ń tọ́jú níbẹ̀, kí ó tó di ilé ìwòsàn gbogbo ènìyàn ní ọdún 1945.

Ọmọ àbúrò mi kò tíì lè lóṣòó bí ẹgbẹ́ rẹ̀, orúnkún náà kò sì ká tó ìkejì rẹ̀. Ṣùgbọ́n gìgísẹ̀ rẹ̀ ti kan ilẹ̀, ó sì ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Ẹni tí ó bá ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nílé, kí ó gbé e jáde láti ẹ̀yìnkùlé ní ọ̀la.