Ẹni Tí A Ó Fi Léètì Lé Lọ́wọ́

Ẹgbẹ́ ní kí àwa tí a ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀rọ lẹ́bàá Ọjà Ọba sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ wa. Orí ohun kan la ó dúró lé: bí a ṣe ń gba ọmọ tuntun tí yóò máa dúró nídìí ẹ̀rọ. Ó kàn yín, torí oṣù kan kì í kọjá kí ẹnìkan nínú yín má mú ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá bá wa.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ ata, tí ẹ ń rin ẹ̀gẹ́, ẹ mọ iṣẹ́ wa. Bí ṣáàfù ẹ̀rọ yín bá jẹ, ẹ ó gbé e wá, a ó fi irin tuntun sẹ́nu léètì, a ó máa gé e títí yóò fi bá ihò bẹ́árìn mu. Bí a bá gé ibi ìjókòó bẹ́árìn kọjá ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà péré, ẹ̀rọ á máa gbọ̀n, ẹ ó sì fi ìbínú padà wá. Nígbà tí iṣẹ́ kò pọ̀, ọ̀gá àti ọmọṣẹ́ kan ń ṣe é tán. Ní báyìí tí a ti ra léètì kejì, ẹnìkan gbọ́dọ̀ dúró nídìí rẹ̀.

Ta ni à ń wá? Tọ́nà tó ti gba fírídọ̀ọ̀mù kì í wá gba owó ọmọ tuntun. Bí ó bá wá, ẹ bi í léèrè ìdí. Àwọn ọmọ Poli tó ń lo ọdún kan lẹ́nu iṣẹ́ láàárín ND àti HND dára, ṣùgbọ́n wọ́n á padà sídìí ìwé wọn. Ẹni tó lójú, tó sì ní sùúrù, là ń wá. A ó fún un ní ọ̀pá irin kan àti vernier, a ó fi bí wọ́n ṣe ń kà á hàn án lẹ́ẹ̀mejì, a ó ní kó wọn irin náà níbi mẹ́ta, kó kọ ọ́ sílẹ̀. A ti mọ̀ọ́mọ̀ gé ibì kan kéré ju ìyókù lọ. Ọ̀pọ̀ á kọ iye kan náà síbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọmọbìnrin kan wọ̀n ọ́n tán, ó wojú wa, ó ní, “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ibí yìí ò rí bíi tòkè, ẹ jẹ́ kí n tún un wọ̀n.” Kò fọwọ́ kan léètì rí. Òun la gbà.

Òfin ilé iṣẹ́, ìyẹn Factories Act, ní a gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ewu ẹ̀rọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní kíkún, kó sì ti kọ́ṣẹ́ tó, tàbí kí ẹni tó mọ̀ ọ́n máa bójú tó o. Ní tiwa, kò gbọdọ̀ dá tan léètì fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Kọ́kọ́rọ́ chuck kò gbọdọ̀ kù sẹ́nu chuck. Bí ẹ̀rọ bá yí, yóò fò bí òkúta kànnàkànnà. Àlejò máa ń bi wá pé kí ló dé tí a kò ra ìbọ̀wọ́ fún un. Nídìí léètì tó ń yí, ìbọ̀wọ́ gan-an ni ẹ̀rọ ń gbá mú, á sì fa ọwọ́ wọlé. Ẹ̀gbà ọrùn àti apá aṣọ gígùn náà kò sí níbẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó, èyí tí àwa ọ̀gá kì í fẹ́ sọ sókè. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin fọwọ́ sí ní 2024 jẹ́ ₦70,000, ṣùgbọ́n ó yọ ibi iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25 sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa ló ń sá sábẹ́ ìyẹn. Ẹni tó ń ta gàrí ní Ọjà Ọba kì í bi ọmọ náà pé òṣìṣẹ́ mélòó ló wà ní ṣọ́ọ̀bù yín kó tó dá iye lé e. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ọ̀tọ̀, òṣìṣẹ́ ọ̀tọ̀: ẹni tó ń dúró nídìí ẹ̀rọ tó ń pawó fún wa láti àárọ̀ dalẹ́, ẹ jẹ́ kó gbowó. Labour Act tún ní kí a kọ àdéhùn iṣẹ́ sílẹ̀ fún un kó tó pé oṣù mẹ́ta. Ẹ̀yin kan á ní, “Láàárín ẹbí kẹ̀?” Láàárín ẹbí gan-an ló ti wúlò jù.

Torí náà, ẹ máa mú wọn wá. Ìbáà jẹ́ ọmọ alága, ọ̀pá irin yẹn àti vernier ni yóò pàdé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dá wá láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí ẹ̀yin má tẹ̀lé wọn o. Bí ẹ̀gbọ́n bá jókòó tì wọ́n, òun ni yóò máa dáhùn gbogbo ìbéèrè.