Ọ̀rọ̀ Ilé Gbígbé Kò Gbọdọ̀ Gbẹ́yìn Nínú Ètò Ojú-Ọjọ́

Àwọn àgbà ní òjò kò bá ẹnìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí ni eji ń pa. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n òjò kọ́ ló ń yan ẹni tí yóò máa gbé ojú àgbàrá. Owó ilé àti òfin ìlú ló ń yàn án.

Ní oṣù kẹjọ 2022, omi ya wọ ọjà Kantin Kwari nínú Kano wa yìí. Lọ́dún náà, àgbàrá pa ènìyàn tó lé ní 600 ní Nàìjíríà, ó sì lé nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.4 kúrò nílé. Ní oṣù kẹsàn-án 2024, dáàmù Alau ya, omi sì bo apá púpọ̀ nínú Maiduguri. Bí ayé ṣe ń gbóná sí i, òjò ńlá àti ooru yóò máa pọ̀ sí i. Ẹni tí òun àti ọmọ mẹ́rin ń sun yàrá kan lábẹ́ páànù ti mọ èyí kí onímọ̀ tó sọ ọ́.

Kí ni òfin wí? Abala 16 nínú Òfin-Ìpìlẹ̀ 1999 pàṣẹ pé kí ìjọba pèsè ibùgbé tó yẹ fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Abala 6 sì gba agbára ìmúṣẹ rẹ̀ lọ́wọ́ ilé-ẹjọ́. Síbẹ̀, ilẹ̀kùn kò tì pátápátá. Ní 2001, nínú ẹjọ́ àwọn ará Ogóni, Ìgbìmọ̀ Áfíríkà lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn sọ pé ẹ̀tọ́ sí ibùgbé wà nínú Àdéhùn Áfíríkà, àdéhùn tó ti di òfin nílẹ̀ wa.

A ní Òfin Àyípadà Ojú-Ọjọ́ láti 2021. Ó dára. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá dárúkọ ojú-ọjọ́, igi gbígbìn la sábà máa ń gbọ́. Igi ṣe pàtàkì, àmọ́ ayálégbé kì í sun orí igi. Bí ìjọba bá sì fẹ́ la ojú omi, katapílà ló ń ṣíwájú. Onílé tó ní ìwé lè béèrè owó gbà-má-bínú lábẹ́ abala 44. Ẹrù opó àti alágbàṣe tó yá yàrá gbé, títì ló ń bọ́ sí. Ètò tó lé aláìní láti ojú àgbàrá kan sí òmíràn kò tíì yanjú ohunkóhun.

Òfin-Ìpìlẹ̀ fi gọ́tà, títì àdúgbò àti kíkó ìdọ̀tí sí ìkáwọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje 2024, Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ dájọ́ pé kí owó wọn máa tọ̀ wọ́n lọ tààrà. Nítorí náà, ẹ bi gbogbo ẹni tó bá wá tọrọ ìbò ní Sabon Gari ní ìbéèrè mẹ́ta:

Èkíní, gọ́tà wo ni ẹ ó ṣe, nígbà wo, èló ni?

Èkejì, bí ẹ bá fẹ́ wó ilé, oṣù mélòó lẹ ó fi kìlọ̀, níbo sì ni àwọn ayálégbé yóò wọ̀ sí?

Ẹ̀kẹta, ta ni yóò ṣojú wa níbi tí a ti ń ṣe ètò ojú-ọjọ́?

Àwa onílé pàápàá, kí a yé kọ́ ṣọ́ọ̀bù lé gọ́tà lórí.

Ẹ gba ìdáhùn wọn ní kíkọ, kí wọ́n fọwọ́ sí i. Bí wọ́n bá kọ̀ láti kọ ọ́, ìyẹn náà ti jẹ́ ìdáhùn.