Kí Ni A Ó Fẹ̀yìn Tì?

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ọdọọdún Ẹgbẹ́ Ìtẹ̀síwájú Ìlú



Ìgbésí ayé ẹni lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì ni ẹ ní kí a sọ̀rọ̀ lé lórí. Orúkọ tí àwa Yorùbá fún nǹkan náà kún fún ọgbọ́n. Ẹni tí ó bá fẹ̀yìn tì, nǹkan kan ni ó fẹ̀yìn tì. Bí kò bá sí ògiri lẹ́yìn rẹ̀, ìṣubú ni yóò gbẹ̀yìn rẹ̀. Nítorí náà, ó yẹ kí àwa tí a ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ bi ara wa léèrè kí ọjọ́ náà tó dé: kí ni a ó fẹ̀yìn tì?

Ọ̀pọ̀ yóò dáhùn pé owó ni. A kò jiyàn. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 ní kí òṣìṣẹ́ máa fi ìdá 8 nínú 100 owó oṣù rẹ̀ pa mọ́, kí agbanisíṣẹ́ sì fi ìdá 10 kún un. Ní ọdún 2022, òfin ìjọba àpapọ̀ gbé ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì olùkọ́ dé ọdún 65. Ṣùgbọ́n owó a máa pẹ́ lọ́nà, ọjà a sì máa gbówó lórí. Ògiri kan ṣoṣo kì í gbé òrùlé dúró.

Àwọn mìíràn yóò ní ọmọ ni. Òótọ́ ni pé bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ṣùgbọ́n òwe náà kò ní kí òkété jókòó sẹ́nu ihò láti òwúrọ̀ di alẹ́, kí ó máa retí ọmọ.

A ti rí i ní ìlú yìí. Ọ̀gá àgbà kan, tí ó kọ́ púpọ̀ nínú wa ní ìwé, fẹ̀yìn tì nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le koko. Fún ọdún 35, agogo ilé ẹ̀kọ́ ni ó ń darí ọjọ́ rẹ̀. Nígbà tí agogo náà dákẹ́, ó gbé àga sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń wo ọkọ̀ tí ń kọjá. Àwa náà ń kọjá, a ń dọ̀bálẹ̀, a ń wí pé, “Ẹ kú ìsinmi, Ọ̀gá.” Kò sí ẹnì kan nínú wa tí ó wí pé, “Ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ wá ràn wá lọ́wọ́.” Kò pé ọdún mẹ́ta tí a fi sin ín. A kò sọ pé àìríṣẹ́ṣe ni ó pa á. Ọlọ́run nìkan ni ó mọ̀. Ohun tí ó dùn wá ni pé gbogbo ìmọ̀ rẹ̀ bá a lọ, nígbà tí àwọn ọmọ ìwé kẹrin wa kò lè ka Yorùbá já gaara. Ẹ̀bi náà kì í ṣe tirẹ̀, tiwa ni.

Ògiri kẹta ni ilẹ̀. Ẹni tí kò lágbára oko mọ́ lè ní ọgbà lẹ́yìnkùlé. Òjò ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ń bẹ láti oṣù Kẹta dé oṣù Keje, àsìkò tó fún ẹni tí kò bá fi falẹ̀. Ẹ po irúgbìn tẹ̀tẹ̀ mọ́ iyanrìn gbígbẹ kí ó má baà ṣù sójú kan; ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, ó ti tó í jẹ. Ẹ ti irúgbìn ewédú bọ omi gbígbóná, kí ẹ sì tètè yọ ọ́, nítorí èèpo rẹ̀ le. Ní ti ewúro, ẹ gé igi rẹ̀ rì mọ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìgbẹ́ adìyẹ jẹrà kí ẹ tó lò ó, nítorí tútù rẹ̀ a máa jó ewébẹ̀.

Ẹ má sì dá a ṣe. Nígbà ìsinmi Ọdún Àjíǹde, àwọn ọmọ-ọmọ ń ti Èkó àti Ìbàdàn wá. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrèǹgbè. Kí ọmọ bẹ̀rẹ̀ kí ó gbìn, kí àgbà sọ orúkọ ewé fún un. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni kò mọ gbúre yàtọ̀ sí ẹ̀bọ̀lọ̀ mọ́. Ẹ̀fọ́ ṣáá ni wọ́n ń pe gbogbo rẹ̀.

Ògiri kẹrin ni ìlú. Kí ẹni yọ̀ǹda ara rẹ̀ láìgbowó kì í ṣe àjèjì sí wa. Àwọn baba wa ni wọ́n ń bẹ ọ̀wẹ̀. Nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn ní oṣù Kìíní ọdún 1955, àwọn ará ìlú kò ká ọwọ́ gbera nígbà tí a ń kọ́ ilé ẹ̀kọ́. Nítorí náà, a dá a lábàá pé kí Ẹgbẹ́ yìí ṣí ìwé orúkọ fún àwọn tí ó ti fẹ̀yìn tì, kí olúkúlùkù fún ìlú ní ọ̀sán kan péré lọ́sẹ̀. Kí olùkọ́ kọ́ ọmọ ní ìwé kíkà, kí nọ́ọ̀sì máa bá àwọn arúgbó yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò, kí káfíńtà tún bẹ́ǹṣì ṣe, kí akọ̀wé owó yẹ ìwé Ẹgbẹ́ wò.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìlú Òyìnbó, bí òjò àkọ́rọ̀ ti ń rọ̀ níhìn-ín ni igi ń rúwé lọ́dọ̀ yín. Ẹ ń rí àwọn àgbà ibẹ̀ tí wọ́n ń gbin ewébẹ̀ sórí ilẹ̀ kéékèèké tí ìjọba ìbílẹ̀ ń fi háyà. Ẹ má ṣe dúró di ìgbà tí ẹsẹ̀ kò bá gbé yín mọ́ kí ẹ tó wálé. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí ẹ kọ́ sílé dára, ṣùgbọ́n bí ọmọ àdúgbò kò bá mọ ojú yín, ẹ kò ì tíì ní ibi tí ẹ ó fẹ̀yìn tì.

Kí Olódùmarè dá ẹ̀mí wa sí, kí ó má jẹ̀ẹ́ kí a fẹ̀yìn ti òfìfo. Àṣẹ.