Díráìfù Tó Kọ̀ Tí Kò Jí

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa n'Ísàlẹ̀ Èkó,

Kọ̀ǹpútà alágbèéká mi kú. Díráìfù inú rẹ̀, tó ń tọ́jú ìwé, kò kú. Mo ní kí wọ́n gbé e sínú òmíràn. A tàn án, kò jí. Ọmọ tó ń tún un ṣe ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká nu gbogbo rẹ̀ kúrò."

Ó tì o! Orúkọ yín àti owó tí ẹ san wà níbẹ̀.

Ọ̀nà méjì ni kọ̀ǹpútà ń gbà jí: Legacy ti àtijọ́, UEFI ti òde òní. A ṣí ojú ètò BIOS. Mo kọ bó ti wà sílẹ̀ ná. A yí i sí Legacy bíi ti kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́. Ó jí!

Bí tiyín bá ṣì kọ̀, ẹ fi okùn USB so díráìfù náà mọ́ kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́, kí ẹ kó ìwé yín jáde.