Ìsàlẹ̀ Ni Ọgbẹ́ Wà: Ìtọ́jú Kíláàmù Tó Farapa Nínú Àpótí Omi Iyọ̀

Ọ̀rọ̀ ẹranko kan tí kì í ké bí ara bá ń ro ó, tí kò sì lè sá fún ẹni tó ń pa á lára ni mo bá wá. Kíláàmù ni. Irú èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Tridacna ni mo ní lọ́kàn, àwọn oníkarahun méjì tí ètè wọn ní àwọ̀ búlúù, àwọ̀ ewé àti àwọ̀ wúrà, tí àwọn tó ń sin ohun inú òkun nínú àpótí dígí ń fi owó gọbọi rà.

Ohun tí mo fẹ́ kó yé wa kò ju ẹyọ kan lọ. Bí kíláàmù bá farapa, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò, omi tó ń gbé inú rẹ̀ sì ni kí a tọ́jú. Ọwọ́ wa ló sábà máa ń dá ọgbẹ́ náà sílẹ̀. Bí a bá tún wá ń fi ọwọ́ kan náà gbé e sókè sódò pé a ń wo ó sàn, a ó parí ohun tí a bẹ̀rẹ̀.

Òkun Íńdíà àti Òkun Pàsífíìkì ni ilé wọn, láti Òkun Pupa lọ títí dé àwọn erékùṣù French Polynesia. Wọn kò sí nínú Òkun Àtìláńtíìkì, nítorí náà ẹni tó ń rìn létí òkun Èkó tàbí Kútọnu kò lè pàdé wọn. Èyí tó tóbi jù nínú wọn, Tridacna gigas, máa ń gùn ju mítà kan lọ, ó sì lè wúwo ju 200 kílógíráàmù. Àwọn kéékèèké bíi crocea àti maxima ló wọ́pọ̀ jù nínú àpótí dígí, àwọn gan-an ni wọ́n sì máa ń lẹ̀ mọ́ òkúta pinpin. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a ó padà dé ibẹ̀.

Kí a tó lè mọ ohun tó ń ṣe aláìsàn, a gbọ́dọ̀ mọ bí alára líle ṣe ń jẹun. Inú ètè aláràbarà yẹn ni oúnjẹ ti ń wá. Ewéko inú omi tí ojú lásán kò lè rí kún inú ẹran ètè náà bámúbámú. Wọ́n ń gba ìmọ́lẹ̀ oòrùn, wọ́n ń fi ṣe ṣúgà, kíláàmù sì ń jẹ nínú rẹ̀. Òun náà ń fún wọn nílé gbé, amóníà tí ara rẹ̀ ń tú dànù sì ń ṣe ajílẹ̀ fún wọn. C. M. Yonge, onímọ̀ ẹranko ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ṣaájú àwọn olùwádìí lọ sí Great Barrier Reef ní Ọsirélíà ní ọdún 1928 sí 1929, gbà pé ńṣe ni kíláàmù ń jẹ ewéko náà fúnra rẹ̀. Ìwádìí àwọn tó tẹ̀lé e ló fi hàn pé ṣúgà tí ewéko náà ń tú jáde nígbà tó wà láàyè ni oúnjẹ gidi. Kíláàmù tún ń sẹ́ ohun jíjẹ wẹ́wẹ́ nínú omi tó ń fà wọlé, pàápàá nígbà tó bá ṣì kéré.

Ìdí nìyí tí ètè tí kò jáde fi ń bà mí lẹ́rù ju ìkarahun tó fọ́ lọ. Bí etí ìkarahun bá sán, ètè yẹn kan náà ni yóò fi kálísíọ̀mù inú omi mọ òmíràn sí i láti inú wá, bó tilẹ̀ pẹ́. Ṣùgbọ́n kíláàmù tó kó ètè rẹ̀ wọlé lọ́sàn-án gangan, ebi ń pa á, bí iná orí àpótí tilẹ̀ ń tàn yòò.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Lábẹ́ kíláàmù, nítòsí ibi tí ìkarahun méjèèjì ti so kọ́ra, àyè kan ṣí sílẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń yọ jáde, ibẹ̀ náà ló ti ń hun àwọn okùn wẹ́wẹ́ tó yi, tó fi ń di òkúta mú. Ẹni tó bá fẹ́ gbé kíláàmù rẹ̀ kúrò lójú kan á fi ọwọ́ méjèèjì gbá a mú, á sì fà á. Okùn náà kì í tètè já. Gbòǹgbò rẹ̀ nínú ẹran ló máa ń ya. Wọn á dá kíláàmù náà padà sínú omi, ètè rẹ̀ á tàn fún ọjọ́ kan tàbí méjì, inú ẹni tó ni ín á dùn. Kò ní pẹ́ tí á fi kú, wọn á sì máa wádìí iyọ̀, wọn á máa wádìí iná, láìsí ẹni tó dojú rẹ̀ dé wo abẹ́ rẹ̀. Ó máa ń dùn mí dọ́kàn, torí pé ikú tí a lè fi abẹ kan ṣoṣo dènà ni.

Bí a ṣe ń ṣe é rèé. Inú omi ni kí kíláàmù wà. Kí a rọra tẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan títí àlàfo á fi yọ láàrin òun àti òkúta. Àwọn okùn náà á hàn nígbà náà, wọ́n á nà tantan. Ojú òkúta gan-an ni kí abẹ fẹ́lẹ́ ti gé wọn, kó jìnnà sí ẹran, ní ìkọ̀ọ̀kan, láìsí fífà rárá. Kùkùté okùn tó bá kù lára rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni yóò já a sílẹ̀, tí yóò sì hun tuntun. Bí ó bá di dandan kí ó kúrò nínú omi, nígbà tí a bá ń dá a padà, kí a dojú ẹnu rẹ̀ sókè, kí afẹ́fẹ́ tó há sínú rẹ̀ lè ráyè jáde.

Bí abẹ́ rẹ̀ bá ti ya tán ńkọ́? Àwo pẹlẹbẹ ni kí a wá, kí a fi òkúta kékeré tó tẹ́jú sínú rẹ̀, kí a gbé kíláàmù lé e, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jókòó dáadáa. Ìdí méjì ni. Àwọn ekòló onírun tó ń gbé inú iyanrìn àti òkúta a máa gba ìsàlẹ̀ wọ ibi tó bó, ojú tó tẹ́jú ni yóò dí ọ̀nà mọ́ wọn. Èkejì, kíláàmù tó ń ṣubú láti orí òkúta lójoojúmọ́ kò lè hun okùn. Lẹ́yìn èyí, kí a fi í sílẹ̀. Kí omi máa rọra kọjá lára rẹ̀, kí ẹ̀rọ tó ń ti omi má fẹ́ sí i lójú tààràtà.

Omi ni oògùn. Kó gbóná tó ìwọ̀n Celsius 25 sí 27, kí iyọ̀ inú rẹ̀ tó 35 gíráàmù nínú kílógíráàmù kan, kí kálísíọ̀mù wà láàrin 400 sí 450 mílígíráàmù nínú lítà kan. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí ìwọ̀nyí má máa lọ sókè sódò. Ẹ rántí pé omi nìkan ni afẹ́fẹ́ ń gbé lọ, iyọ̀ kì í bá a lọ, nítorí náà omi aláìníyọ̀ ni a fi ń dí àyè omi tó gbẹ. Mo mọ àwọn tó ń bu omi iyọ̀ sí i lójoojúmọ́ títí omi àpótí fi korò ju òkun lọ.

Ní ti iná, ẹ má sọ pé ebi ń pa á kí ẹ wá tan iná tó le ju èyí tó mọ́ ọn lára lọ. Ìmọ́lẹ̀ òjijì lè mú kí ewéko inú ètè rẹ̀ ṣá, kí ètè sì funfun. Díẹ̀díẹ̀ ni kí a máa fi kún un.

Ohun kan wà tí mo gbọ́dọ̀ pariwo rẹ̀. Ọ̀pọ̀ oògùn tí wọ́n ń tà fún kòkòrò ara ẹja ní bàbà nínú. Bàbà tó ń wo ẹja sàn, májèlé ni fún kíláàmù. Bí ẹja yín bá ń ṣàìsàn, ẹ gbé ẹja lọ sínú àpótí mìíràn kí ẹ tọ́jú rẹ̀ níbẹ̀. Kò sí ìwọ̀n bàbà kankan tí mo lè gbà kí ẹnikẹ́ni dà sínú omi kíláàmù tó farapa.

Ìgbà mìíràn wà tí abẹ́ rẹ̀ pé pérépéré, síbẹ̀ tí ara rẹ̀ ń lọ sílẹ̀. Bí a bá fara balẹ̀ pa eèrà, a ó rí ìfun inú rẹ̀: lóru, nígbà tí iná bá ti kú, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo etí ìkarahun àti ihò ìsàlẹ̀. Ìgbín funfun kan wà tí kò ju hóró ìrẹsì lọ, pyramidellid ni orúkọ rẹ̀. Kò léyín, ẹnu gígùn ló ń tì bọ inú ẹran, tó fi ń fa omi ara. Ẹyọ kan kì í pa kíláàmù, ṣùgbọ́n wọ́n ń bí sí i kíákíá. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ni kí a fi ha wọ́n kúrò pẹ̀lú ẹyin wọn tó lẹ̀ mọ́ ìkarahun, kí a sì tún padà wá wò ó lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Àwọn ẹja mìíràn tún wà tó ń já ètè jẹ. Ẹja ni kí a kó kúrò, kì í ṣe kíláàmù.

Báwo la ṣe ń mọ̀ pé ó ń yá? Etí ètè kíláàmù ní ọ̀pọ̀ ojú wẹ́wẹ́ tó ń mọ òkùnkùn yàtọ̀ sí ìmọ́lẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ ṣíji bò ó: èyí tó ní okun á fa ètè wọlé wéré, á sì tún nà án jáde. Èyí tí kò mira, tí ihò tó ń gba omi wọlé sì là sílẹ̀ gbàgà, wà nínú ewu. Bí okùn tuntun bá ti di òkúta inú àwo mú, ẹ ti borí apá tó le jù. Lẹ́yìn náà ni ìlà funfun tuntun á bẹ̀rẹ̀ sí yọ ní etí ìkarahun, èyí tó fi hàn pé oúnjẹ ti tó jẹ, ó ti kù. Èyí tó bá sì kú, kí a gbé e kúrò lójú ẹsẹ̀, nítorí pé ẹran rẹ̀ tètè máa ń rà, amóníà rẹ̀ á sì pa àwọn yòókù.

Láti ọdún 1985 ni gbogbo ẹ̀yà wọn ti wà lábẹ́ àdéhùn CITES, tó ń ṣọ́ bí wọ́n ṣe ń ta ẹranko igbó àti òkun kọjá ààlà. Kí ó tó dìgbà yẹn, wọ́n ti kó wọn tán ní ọ̀pọ̀ erékùṣù, nítorí ẹran àti ìkarahun wọn. Ní Palau, Gerald Heslinga àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sin wọn láti ẹyin ní àwọn ọdún 1980. Ní Bolinao, ní Fílípíìnì, Edgardo Gomez àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ní yunifásítì sin gigas tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá níbẹ̀, wọ́n sì dá a padà sínú òkun. Iṣẹ́ irú wọn ló jẹ́ kí kíláàmù tí a sìn wà lọ́jà lónìí, tí kò fi pọn dandan kí ẹnikẹ́ni fa ọ̀kan ya kúrò lára òkúta òkun. Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó, ẹ bi ẹni tó ń tà á bóyá wọ́n sìn ín ni, kí ẹ sì ní kó fi abẹ́ rẹ̀ hàn yín. Bí ó bá ti di òkúta kékeré kan mú, ẹ ra òun àti òkúta náà pọ̀, kí ẹ sì gbé méjèèjì wọ inú àpótí yín láìgé okùn kankan.